Àmì ohùn lórí kọ̀ǹpútà: ìdánwò ti rí GTK báyìí

Prógíráàmù kékeré tí mo fi ń to àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. GTK, ohun èlò fún ṣíṣe fèrèsé àti bọ́tìnnì, ni mo fi kọ́ ojú rẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ ń ṣí, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dáhùn. Ìdánwò ló kù tó ń ṣagídí. Bí mo bá ti ṣe é nínú venv (àyè àdádó tí Python ń yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan), èsì kan náà ni:

`ModuleNotFoundError: No module named 'gi'`

Bẹ́ẹ̀, gi, tó ń so Python pọ̀ mọ́ GTK, wà lórí ẹ̀rọ mi digbí. Debian 12 (irú Linux kan) ni mò ń lò. Apt, tó ń gbé prógíráàmù wọlé ní Debian, ló gbé e wá lórúkọ python3-gi, inú /usr/lib/python3/dist-packages ló sì kó o sí. Venv kì í yọjú síbẹ̀ àfi tí a bá ní kó yọjú. Ẹlòmíì á ní kí n fi pip, tó ń gbé package Python wọlé, gbé PyGObject (package tí gi wà nínú rẹ̀) wọlé. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kóòdù C wà nínú rẹ̀, èèyàn á sì máa wá compiler (tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe) àti àwọn package -dev tí compiler nílò kiri. Ohun tí apt ti sè jinná, kí ni mo tún ń gbé e kaná sí?

Ohun tí mo ṣe nìyí (`--system-site-packages` ló ń ní kí venv yọjú síbẹ̀, pytest ló sì ń ṣe ìdánwò):

`/usr/bin/python3 -m venv --system-site-packages .venv`
`.venv/bin/python -m pip install pytest`
`.venv/bin/python -m pytest -rs`

Ẹ má fojú di /usr/bin/python3 yẹn o. Python 3.11 ti Debian ni wọ́n kọ́ gi yẹn fún, "cpython-311" sì wà lára orúkọ fáìlì rẹ̀. Python 3.13 tí mo fi pyenv (tó ń gbé oríṣiríṣi Python wọlé) gbé wá ò lè lò ó. Bákan náà, bí apt bá ti gbé pytest wá tẹ́lẹ̀, pip lè sọ pé ó ti wà, kó má fi ohunkóhun sínú .venv/bin. Ẹni tó bá wá tẹ `pytest` lásán, Python ti ẹ̀rọ ló ń lò láìmọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ `-m pytest` nìyẹn.

`-rs` ní tirẹ̀ ń sọ ìdánwò tí wọ́n fò àti ìdí rẹ̀. Mo nílò rẹ̀ nítorí `pytest.importorskip("gi")`: níbi tí gi ò bá sí, ó kàn ń fò ó ni, kò sí pupa kankan, ọkàn èèyàn á sì balẹ̀ lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò dán wò.

Mo tún yọ ìdánwò àmì ohùn kúrò lára ti fèrèsé, torí kò bá GTK tan:

`assert normalize("NFC", "e\u0301\u0323") == "\u1eb9\u0301"`

Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, ò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́; NFC ni ìlànà rẹ̀ tó ń to lẹ́tà àti àmì sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Àmì ohùn ló ṣáájú ni o, àmì ìsàlẹ̀ ló ṣáájú ni o, ibì kan náà ló gbọ́dọ̀ já sí. Ó já síbẹ̀.

Ìdánwò fèrèsé ló kàn. Sáfà tí mo fẹ́ máa ṣe é lé lórí ò ní ojú ìwòran, nítorí náà `xvfb-run -a`, tó ń ṣe ojú ìwòran àfarawé, ni màá kọ́kọ́ dán wò.