Ẹ yẹ òṣùwọ̀n wò kí ẹ tó yẹ oògùn wò

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń wọlé sídìí iṣẹ́ ìdánwò oògùn, àrùn Sjögren ló kọ́ mi pé òṣùwọ̀n lè ba iṣẹ́ jẹ́ ju oògùn lọ. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ń kọjú ìjà sí ibi tí omijé àti itọ́ ti ń sun. Ojú á gbẹ, ẹnu á gbẹ, àárẹ̀ ò sì ní jẹ́ kéèyàn gbádùn. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ní àrùn náà.

Ẹ wo oògùn rituximab. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì B, irú kan lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì B wà lára àwọn tó ń dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ta ni kò ní retí pé yóò ṣiṣẹ́? Síbẹ̀, ìdánwò méjì tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, TEARS ní ilẹ̀ Faransé (2014) àti TRACTISS ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì (2017) kò rí ohun tí wọ́n ń wá. Nínú TRACTISS, bíi 40 nínú 100 àwọn tó gba oògùn ni ara wọn yá dé ìwọ̀n tí wọ́n là kalẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba placebo, ìyẹn ayédèrú oògùn tí kò ní èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú, bíi 37 ni.

Ẹ wá wo àwọn òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún àrùn yìí. ESSDAI, òṣùwọ̀n tí dókítà fi ń kọ bí àrùn ṣe ń jà nínú ara, ń wo oríkèé, ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín, iṣan ara àti ẹ̀jẹ̀. Gbígbẹ ojú àti ẹnu kò sí níbẹ̀! Ẹni tó ń jí mumi láti alẹ́ dòwúrọ̀ lè gba òdo. Ìdánwò tó bá sì ní kí ESSDAI èèyàn tó 5 kí wọ́n tó gbà á wọlé ti fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Òṣùwọ̀n kejì, ESSPRI, ló ń bi aláìsàn fúnra rẹ̀ léèrè nípa gbígbẹ, àárẹ̀ àti ìrora, láti 0 dé 10. Àwọn tó dán dazodalibep, oògùn mìíràn fún àrùn yìí, wò pín àwọn èèyàn wọn sí ọ̀nà méjì nítorí èyí, àwọn tí ESSDAI wọn ga lọ́tọ̀, àwọn tí ESSDAI wọn kéré àmọ́ tí ESSPRI wọn ga lọ́tọ̀, mo sì gbà pé wọ́n ṣe é re.

Bébà Schirmer, tí wọ́n fi ń wọn omijé, rọrùn: ìṣẹ́jú 5 lábẹ́ ìpéǹpéjú, bí kò bá rin ju mílímítà 5 lọ, ojú gbẹ nìyẹn. Ti itọ́ ló nira. Àkókò kan náà lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa gbà á, kí aláìsàn tó jẹun. Ẹ béèrè oògùn mìíràn tó ń lò. Èyí tí wọ́n ń lò fún ara yíyún lè mú ẹnu gbẹ.

Ẹni tí ibi ìsun itọ́ rẹ̀ ti di àpá pátápátá, oògùn wo ló fẹ́ mú un sun? Bí ẹ bá kó o mọ́ àwọn tí itọ́ wọn ṣì ń sun díẹ̀, oògùn ni wọn yóò dá lẹ́bi.