Ìwádìí láàárín ẹgbẹ́ ọlọ́jà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní Ẹ̀pẹ́

Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ l'Amẹ́ríkà kì í bá àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo l'Ẹ̀pẹ́ mu. Ẹ bi wọ́n pé "Ṣé ìṣàkóso ẹgbẹ́ yín tẹ́ yín lọ́rùn?", wọ́n á kọ́kọ́ wẹ̀yìn, wọ́n á ní "Gan-an ni." Ìsọ̀ wọn ni wọ́n ń dáàbò bò.

Ẹ fi èrò ọkàn sílẹ̀, ẹ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Owó wo lẹ san kẹ́yìn? Ta ló gbà á? Ṣé ó já rìsíìtì? Ẹni tí kò rí i san ńkọ́?

Èyí tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, bíi bóyá wọ́n fi dandan kó wọn lọ sípàdé òṣèlú, ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ fi kèké pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà méjì. Ẹ ka nǹkan mẹ́rin tí kò lẹ́rù fún apá kìíní. Ẹ ka mẹ́rin kan náà fún apá kejì, kí ẹ fi èyí tó gbóná kún un. Iye tó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn nìkan ni kí wọ́n sọ. Bí ìpíndọ́gba apá kìíní bá jẹ́ 2.1, tí ti ìkejì jẹ́ 2.4, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.3: nǹkan bí 30 nínú 100 lọ̀rọ̀ náà kàn. Èèyàn 40 lápá kọ̀ọ̀kan kò tó rárá. Ẹ wá ọgọ́rùn-ún mélòó kan. Ẹ má sì kó nǹkan tó ń ṣe gbogbo ayé jọ, torí ẹni tó bá dáhùn "márùn-ún" ti tú àṣírí ara rẹ̀.

Ìyálọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ kí, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó yan ẹni tí ẹ máa bi. Ìwé orúkọ tí ẹgbẹ́ bá kó fún yín, ẹni tó ń bá olórí jà kì í sábà sí nínú rẹ̀. Ẹ ka ìsọ̀ fúnra yín, kí ẹ máa mú ìkarùn-ún ìkarùn-ún.

Ní ti àkọsílẹ̀ owó ọjà, ẹ mọ ẹni tí ẹ ń kọ̀wé sí: yàtọ̀ sí ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀pẹ́, LCDA (ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀) ti Eredo àti ti Ìkòsí-Ẹ̀jìnrìn náà wà níbẹ̀. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún wọn ní ọjọ́ 7 láti fèsì, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì ti sọ ní 2025 pé ó de ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tọwọ́ yín.

Ìgbà tí a bá ń kọ àbájáde la máa ń ba ti èèyàn jẹ́ jù. Bí ẹ bá kọ "akọ̀wé ẹgbẹ́ ẹlẹ́ja kan l'Ẹ̀pẹ́", ẹ ti dárúkọ rẹ̀ nìyẹn. "Olóyè ọjà kan létí ọ̀sà" ti tó. Òfin ààbò dátà ti 2023 ka ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti èrò òṣèlú èèyàn mọ́ ohun tó gbẹgẹ́, nítorí náà ìwé orúkọ àti ìwé ìdáhùn kò gbọdọ̀ sùn nínú báàgì kan náà.

Bí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá ti ku bí oṣù mẹ́ta, ẹ dáwọ́ dúró. Tí wọ́n bá ti búra fún alága tuntun, ẹ tún mú lẹ́tà lọ sọ́fíìsì rẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí tàkọ́kọ́ lè má sí níbẹ̀ mọ́.