Wákàtí 14 Tí Ọ̀gá Mi Kà fún Mi

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé mo fẹ́ lọ bá wọn ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ nílé. Ló bá yí fóònù rẹ̀ sí mi. Ìlà búlúù kan ló wà níbẹ̀, ó gbéra ní Perth, ní Ọsirélíà níbí, ó gba orí Òkun Íńdíà, ó balẹ̀ sí Èkó. Kìlómítà 12,500 tàbí kó lé díẹ̀. Ó ní bàálù ń sá kìlómítà 900 ní wákàtí kan, wákàtí 14 péré nìyẹn. Ọjọ́ 2 ni òfin iṣẹ́ Ọsirélíà fún ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Kí ni mo fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe?

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìṣirò rẹ̀ pé. Àmọ́ kò sí bàálù tó ń gba ojú ìlà yẹn.

Ibi tó ti ń dùn mí jù rèé. Láti 2018 ni bàálù ti ń gbéra ní Perth yìí, tí kì í balẹ̀ síbì kankan títí dé London, bíi wákàtí 17. Kìlómítà 14,500 ni! Èkó fi nǹkan bíi kìlómítà 2,000 sún mọ́ wa ju London lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ń lọ Èkó á fò lọ Dubai, á jókòó síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ á fi wú, kó tó tún gbéra. Bó bá sì gba Johannesburg, atẹ́gùn òkè, tó máa ń ti ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá sí ìlà-oòrùn, á dojú kọ bàálù, lílọ á sì fi wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀ gùn ju bíbọ̀. Àfi bíi pé atẹ́gùn náà fẹ́ ká padà sẹ́nu iṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wá balẹ̀ n'Ìkẹjà, ó ku Ṣakí. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn.

Wákàtí 7 ni Perth fi ṣáájú ilé, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́sàn-án Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, aago 1 kù díẹ̀, fóònù mi dún. Nílé, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni. Màámi ti lọ. Alfa ní lẹ́yìn Làásárì làwọn máa sin wọ́n.

Àbúrò mi wá béèrè, jẹ́jẹ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ká dúró dè yín?"

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi ìka kà á. Dubai, 11. Ìdúró, 5. Èkó, 8. Ṣakí, 6. Mo tún un kà. Làásárì ò ju wákàtí 10 lọ mọ́. Ká tilẹ̀ ní bàálù ìlà búlúù yẹn wà, tó ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ á ti bo màámi kó tó balẹ̀.

Mo ní kí wọ́n má dúró.