Orí Fífọ́ àti Ìwé Kíkà: Àyẹ̀wò Ọdún Tó Ń Parí Lọ

Ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, oníkálukú sì ń ka ohun tó rí gbà níbẹ̀. Ẹnì kan ríṣẹ́, ẹnì kan gbéyàwó, ẹnì kan gboyè. Ní tèmi, mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́, orí sì ṣì ń fọ́ mi. Àárín méjèèjì yẹn ni gbogbo ọdún mi wà, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mò ń fi ọwọ́ kan di orí mú, tí mò ń fi èkejì kọ nóòtù.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n ya irú orí fífọ́ tí mò ń sọ sọ́tọ̀. Kò sí ẹni tí orí kì í fọ́. Ẹni tí kò sùn tó, orí lè fọ́ ọ. Ẹni tí ebi ń pa, bákan náà. Á lo oògùn, á fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, ó parí. Tèmi kì í parí bẹ́ẹ̀. Iye ọjọ́ ni àwọn dókítà fi ń dá a mọ̀: tí orí bá ń fọ́ èèyàn ní ọjọ́ 15 ó kéré tán lóṣù, tó sì ti ń rí bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju oṣù 3 lọ, wọ́n á ní ó ti di bárakú. Tó bá jẹ́ túúlu, ìyẹn migraine, ọjọ́ 8 ó kéré tán nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ti túúlu gan-an, èyí tó sábà máa ń lù ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń mú èébì dání, tí kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀, tí kì í fẹ́ ariwo. Ọjọ́ 15 nínú 30. Ẹ gbé kàlẹ́ńdà ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí jáde, kí ẹ pa ìdajì ọjọ́ inú rẹ̀ rẹ́, láìmọ ìdajì wo ni. Inú èyí tó ṣẹ́ kù lèèyàn ti máa kàwé, tó ti máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tó ti máa jókòó ìdánwò.

Àìmọ ìdajì wo ni yẹn ló ń dá mi lágara jù. Ara mi máa ń ta mí lólobó díẹ̀. Mo máa ń yán ṣáá, bẹ́ẹ̀ mo sùn dáadáa. Ẹ̀yìn ọrùn mi á le. Ohun tí kò tó nǹkan á máa bí mi nínú. Olùkọ́ á máa ṣàlàyé lọ, èmi á kàn rí i pé àárín gbólóhùn tí mò ń kà ti pòórá: mo rí ìbẹ̀rẹ̀, mo rí ìparí, àárín ṣófo, ìlà kọ́lọkọ̀lọ kan sì ń dán yinrinyinrin létí ibẹ̀. Ìṣẹ́jú 5 sí 60 ni ìyẹn sábà máa ń gbà. Ọ̀pọ̀ olórí-fífọ́ kì í rí i rárá, ṣùgbọ́n èmi ń rí i, ìkìlọ̀ sì ni fún mi: kí n lo oògùn, kí n kó ìwé mi, kí n wá ibi tó ṣókùnkùn lọ. Tí mo bá ní kí n dúró kí kíláàsì parí, orí á ti máa lù gbì-gbì-gbì lápá kan, ìmọ́lẹ̀ projector á máa gún mi lójú, ẹni tó bá sì wọ́ àga nílẹ̀, àfi bíi pé inú eyín mi ló ti ń wọ́ ọ.

Tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè gba wákàtí 4 sí 72. Bó bá sì lọ tán, ara kì í dá ṣáṣá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò dùn mí mọ́, tí mo jókòó síwájú ìwé, tí mo ka ìpínrọ̀ kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí mi ò sì lè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kò mọ ọjọ́ yẹn. Lójú tiwọn, ara mi ti yá.

“Ojú ẹ ò jọ ti aláìsàn.” Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ jù lọ́dún yìí nìyẹn. Ní sáà àkọ́kọ́, mo lọ bẹ olùkọ́ kan pé kí wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ kún ọjọ́ tí mo máa dá iṣẹ́ padà. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ṣé orí fífọ́ yìí náà ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Orí ń fọ́ èmi náà láti àárọ̀. Mo sì wá síbi iṣẹ́.”

Kí lèèyàn fẹ́ fi fèsì? Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” mo sì jáde.

Ẹ̀bi wọn kọ́ pátápátá. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi túúlu hàn. Wọ́n ya àwòrán inú orí mi, ó mọ́ tónítóní, gbogbo ilé sì ń dúpẹ́. Èmi náà dúpẹ́, àmọ́ láti ọjọ́ náà ni àwọn kan ti ń wò mí bí ẹni tó ń díbọ́n. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ ìrora. Awọ tó bò ó àti òpójẹ̀ tó wà nínú awọ náà ló ń mọ̀ ọ́n, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú àti iwájú orí ló sì ń ròyìn rẹ̀. Tí ìròyìn yẹn bá ń lọ lódìlódì, kò sí fọ́tò tó máa gbé e. Ẹnu aláìsàn àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni dókítà fi ń mọ̀.

Àkọsílẹ̀ yẹn ló yí ọdún yìí padà fún mi. Dókítà ní kí n máa kọ ọ́ lójoojúmọ́, kó má ju ìlà kan lọ: ṣé orí fọ́, báwo ló ṣe le tó láti òdo dé mẹ́wàá, oògùn wo ni mo lò, báwo ni mo ṣe sùn, ṣé mò ń ṣe nǹkan oṣù. Nígbà tí mo gbé e padà lọ, wọn ò tilẹ̀ wo ibi tí mo kọ ìrora sí. Ibi tí mo kọ oògùn sí ni wọ́n ń fi bírò tọ̀ láti òkè lọ sísàlẹ̀, tí wọ́n ń kà á sínú. Wọ́n wá gbójú sókè: “Oògùn yìí náà wà lára ohun tó ń fọ́ ẹ lórí.”

Ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí. Ẹni tí orí ti máa ń fọ́ tẹ́lẹ̀, tó bá ń lo parasitamọ́ọ̀lù tàbí ibuprofen ní ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù, tó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó ju oṣù 3 lọ, oògùn yẹn fúnra rẹ̀ lè máa mú orí fọ́ ọ. Fún àwọn triptan tí wọ́n ṣe fún túúlu, àti oògùn ìrora alápapọ̀ tàbí èyí tó ní codeine nínú, ọjọ́ 10 lóṣù ti tó. Iye ọjọ́ ni wọ́n ń kà, kì í ṣe iye hóró. Hóró kan péré lójoojúmọ́, kéèyàn lè jókòó ní kíláàsì, ti kọjá ààlà.

Àbáyọ rẹ̀ ni kéèyàn dáwọ́ dúró, orí á sì kọ́kọ́ fọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kó tó rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń lo èyí tó ní codeine, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ o, dókítà ló ń bá èèyàn dín in kù. Tèmi, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo bẹ̀bẹ̀ pé kó di ìgbà ìsinmi ilé ẹ̀kọ́. Nínú gbogbo ìpinnu tí mo ṣe lọ́dún yìí, ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ burú, mi ò ní purọ́: aṣọ tútù lójú, bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, aṣọ ìkélé kò kúrò lójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n kíláàsì kankan kò lọ sí i.

Lẹ́yìn rẹ̀ la bọ́ sórí oògùn àdènà, èyí tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, orí ì báà fọ́, ì báà má fọ́. Àwọn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, ti àìsàn mìíràn ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀: propranolol, ti ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, topiramate, ti wárápá, amitriptyline, ti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Propranolol kò dára fún ẹni tó ní ikọ́ fée, ìyẹn asthma, topiramate sì lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Topiramate yìí tún lè mú kí èèyàn máa wá ọ̀rọ̀ tó mọ̀ tì lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ mo ní pírójẹ́ẹ̀tì tí mo máa dúró níwájú èèyàn gbèjà. Amitriptyline kékeré, alaalẹ́, la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnu mi ń gbẹ, oorun kì í sì fẹ́ fi mí sílẹ̀ láàárọ̀, àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láti ìrọ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ni wọ́n máa ń ní ká fún irú oògùn bẹ́ẹ̀ ká tó dájọ́ fún un. Tí ọjọ́ orí fífọ́ bá sì dín kù ní ìdajì, wọ́n á ní ó ṣiṣẹ́. Ìdajì! Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Láàárín oṣù kan báyìí tí mo rí ìdajì yẹn gbà, ńṣe ni mò ń jó kiri yàrá.

Kó tó dìgbà yẹn, àwọn èèyàn mi ti ń sọ pé kí n kúkú fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ná, kí ara mi yá tán. Ìfẹ́ ló ń jẹ́ kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí kò sì mọ̀ pé ẹnì kan á lò ó fún orí fífọ́ gidi. Àìsàn bárakú kì í dá ọjọ́ tó máa yá. Fún ẹlòmíràn, kó dá ẹ̀kọ́ dúró fún sáà kan ló tọ́, mi ò bá a jiyàn. Èmi gba ìdajì ọ̀rọ̀ wọn: mo dín kọ́ọ̀sì kù. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, kó kọ́kọ́ wádìí bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe ń ka akẹ́kọ̀ọ́ tí kọ́ọ̀sì rẹ̀ kò pé, torí ó lè kan owó ìrànwọ́, ó lè kan yàrá, ó lè kan iye ọdún tí wọ́n fún èèyàn láti fi jáde. Ó túmọ̀ sí pé àwọn ẹgbẹ́ mi jáde ṣáájú mi. Mo rí fọ́tò wọn nínú aṣọ oyè, mo kí wọn kú oríire, mo tilẹ̀ ṣàwàdà sí i. Lẹ́yìn tí mo kí wọn tán, ó dùn mí.

Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ní sáà kejì, mi ò dúró kí orí fọ́ mi kí n tó lọ bẹ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni mo ti mú lẹ́tà dókítà lọ, tí mo sì sọ ohun tí mo fẹ́ ní pàtó. Ẹnu gbogbo èèyàn ni àsìkò àfikún nínú ìdánwò wà. Ní tèmi o, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò: tí túúlu bá dé láàárín ìdánwò, ìdajì wákàtí sí i, ìyà ìdajì wákàtí sí i ni. Ohun tó wúlò ni ìsinmi tí wọ́n á dá aago dúró fún, àti àyè láti ṣe ìdánwò náà lọ́jọ́ mìíràn láìsí pé mo tún ń wá ìwé ẹ̀rí kiri nígbà tí mi ò lè lajú. Mo bèèrè pé kí n máa gba ohùn olùkọ́ sílẹ̀, kí n jókòó sí ibi tó jìnnà sí fèrèsé àti iná tó ń ṣẹ́jú, kí n lè dìde jáde láìgba àyè. Wọ́n gbà fún mi nínú púpọ̀ rẹ̀. Olùkọ́ kan kọ̀ pé kí n gba ohùn àwọn sílẹ̀. Ẹnì kan nínú kíláàsì ń fún mi ní nóòtù tirẹ̀, ó sì ṣàlàyé ju olùkọ́ lọ.

Ìwé kíkà fúnra rẹ̀ ti di ohun kékeré-kékeré. Mò ń ka èyí tó le jù láàárọ̀, lórí bébà tó bá ṣeé ṣe, mo sì máa ń gbọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ojú kò bá fẹ́ ìwé. Mò ń sùn, mò ń jí ní àkókò kan náà, Sátidé náà wà níbẹ̀, torí àsùnjù náà ń fa túúlu. Kọfí kò gbọ́dọ̀ pọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ ṣàdédé dáwọ́ dúró. Ohun kan tí mi ò tíì rí ọgbọ́n dá sí ni ọjọ́ tí ìdánwò bá parí. Gbogbo èèyàn ń yọ̀, wàhálà ti lọ, ìgbà náà gan-an ni túúlu máa ń dé. Wọ́n ní ara tó tú lójijì ń fà á. Mi ò tíì lọ sí àríyá ìparí ìdánwò kankan.

Ẹ̀gbọ́n tí a jọ ń gbé yàrá ti mọ̀ mí débi pé wọ́n á ti pa iná kí n tó bèèrè. Mo ti sọ fún wọn pé àwọn àmì kan wà tí wọn ò gbọ́dọ̀ kà sí “tirẹ̀ tó máa ń ṣe é”: orí tó fọ́ lójijì tó sì dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan, èyí tó bá ibà àti ọrùn tó le gan-an wá, èyí tó mú apá rọ tàbí tó wọ́ ẹnu, èyí tó tẹ̀ lé orí gbígbá mọ́ nǹkan. Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni gbogbo ìyẹn. Àwọn náà ló ní kí n lọ rí agbaninímọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́, nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ àní lọ́jọ́ tí orí kò fọ́. Ìrẹ̀wẹ̀sì àti àníyàn sábà máa ń bá àìsàn yìí rìn. Mo ń lọ, ó ń ràn mí lọ́wọ́.

Ní ti èsì: mo yege nínú kọ́ọ̀sì tí mo ṣe, àfi ẹyọ kan tí mo máa tún ṣe. Lẹ́tà ti ọdún tó ń bọ̀ ti wà nílẹ̀, ó ku kí olórí ẹ̀ka buwọ́ lù ú. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tó kéré bíi ti sáà yìí, kò sì sí èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Oṣù kejì ni dókítà máa tún oògùn yẹ̀ wò, bóyá ká fi kún un ni, bóyá ká pààrọ̀ rẹ̀. Mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ tuntun.