Omi ló fi ń tan ikùn

Lálẹ́ àná, wákàtí méjì gbáko ni mo fi gbọ́ àwọn olùdíje lórí rédíò. Owó orí, ààbò, ta ló jalè jù. Ebi ọmọdé? Ẹnu ẹnì kankan kò kàn án. Bẹ́ẹ̀ ní 2015, gbogbo orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló fẹnu kò pé ebi gbọ́dọ̀ tán tó bá fi máa di 2030. Àwọn ọmọdé kì í sáà dìbò. (Ẹ má bínú, inú ló ń bí mi.)

Láàárọ̀ yìí, mo rí ọmọ kíláàsì mi kan nídìí ẹ̀rọ omi. Ó mu, ó mí kanlẹ̀, ó tún mu. Ihò tuntun méjì ni wọ́n fi ìṣó lu sára bẹ́líìtì rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé kò sí o?"

Ó nu ẹnu. "Kò sí, mà. Tí omi bá ti kún inú mi, kì í kùn mọ́."

Mo gbé oúnjẹ mi fún un. Ó jẹ ìdajì, ó dé ìyókù padà, ó rọra tì í sínú báàgì. Ó ní ti àbúrò òun nìyẹn.