Script ń ṣiṣẹ́, wíńdò ẹ̀ ò jáde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ script (ètò kékeré téèyàn kọ fún kọ̀ǹpútà) di service (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, tí kò dúró de ẹni tó máa lọ́ọ̀gì ín) lórí Windows, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yà síbí. Alhaja kan tí wọ́n ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà pè mí, wọ́n ní "ọmọ mi, kọ̀ǹpútà yìí ò tẹ rìsíìtì mọ́ o, kò kú, kò yè." Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló fi AutoHotkey, èdè tí wọ́n fi ń kọ script fún Windows, kọ script tó ń ka ọjà tí wọ́n tà tó sì ń tẹ rìsíìtì, ó wá fi NSSM, irinṣẹ́ tó ń sọ ètò di service, sọ ọ́ di service torí tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ó fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ́ọ̀gì ín. Ọmọ yẹn gbọ́n o, ibi tó gbé e sí ni wàhálà.

Mo ṣí services.msc, ibi tí Windows ti ń to àwọn service, ó kọ Running. Task Manager, ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n CPU ẹ̀ 0, kò mira rárá. Mo bọ́ sí Details, mo right-click orí kọ́lọ́ọ̀mù, mo mú Session ID jáde, ìyẹn nọ́ńbà session, àyè tí Windows pín fún ètò kọ̀ọ̀kan: script wà ní 0, Explorer tó gbé desktop Alhaja wà ní 1. Ọ̀rọ̀ ti yé mi. MsgBox kan, wíńdò kékeré tó ń béèrè ọ̀rọ̀, wà nínú code yẹn tó ń béèrè "ṣé pépà wà nínú printer?", ó ń retí ẹni tó máa tẹ OK, bí ẹni tó pàtẹ ọjà sínú yàrá tí wọ́n tì pa.

Láyé XP, àwọn service àti ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ́ọ̀gì ín jọ máa ń wà ní session 0 ni. Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ wá rí i pé àwọn lè ti mẹ́sééjì sí wíńdò service kí wọ́n fi jí agbára ẹ̀ lò, shatter attack nìyẹn, ni Microsoft bá pín wọn níyà láti Vista, service ní 0, àwa èèyàn láti 1 lọ sókè. Interactive Services Detection, ètò kan nínú Windows, ṣì máa ń ta wá lólobó nígbà yẹn pé wíńdò kan ń pè wá lọ́hùn-ún, wọ́n ti yọ òun náà ní Windows 10 version 1803. Torí náà tí ẹnì kan bá ní kẹ́ ẹ máàkì "Allow service to interact with desktop", ẹ má dá a lóhùn. DetectHiddenWindows, àṣẹ AutoHotkey tó ń wá wíńdò tó fara pamọ́, náà ò ríran kọjá session.

Mo yọ MsgBox, mo ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sínú log, fáìlì àkọsílẹ̀. Kíka ọjà nìkan ló kù ní service. Rìsíìtì àti gbogbo ohun tó bá ní wíńdò, mo gbé e lọ sí Task Scheduler, ibi tí Windows ti ń ṣètò ìgbà tí ètò máa bẹ̀rẹ̀, "At log on", "Run only when user is logged on", ó jáde wẹ́rẹ́. Lóòótọ́ rìsíìtì ò ní jáde títí ọmọ ṣọ́ọ̀bù á fi lọ́ọ̀gì ín, Alhaja ní kò burú. Àwọn kan á ní kí n lo PsExec -s -i 1, àṣẹ tó ń fi agbára SYSTEM, àkáǹtì Windows fúnra ẹ̀, ṣí ètò sínú session 1, ó ń ṣiṣẹ́ o, mo máa ń fi dán nǹkan wò, ṣùgbọ́n kí n wá gbé wíńdò tó ní agbára SYSTEM síwájú ọmọ ṣọ́ọ̀bù? Rárá o.

Àfi drive Z: tó kù. Ti user ni Z:, lẹ́tà tí wọ́n fún fódà tó wà lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, LocalSystem, àkáǹtì tí service ń lò, ò mọ̀ ọ́n rí, bẹ́ẹ̀ script ń wá fáìlì ọjà níbẹ̀ tó sì ń dákẹ́ tí kò bá rí i. Mo kọ path yẹn ní kíkún láti orí orúkọ kọ̀ǹpútà tí fódà wà, mo sì ní kí service máa fi àkáǹtì tó láṣẹ sí fódà yẹn wọlé.