Kí èèyàn tó wọlé

"Āyí, ẹ ti ti ilẹ̀kùn kí èèyàn tó wọlé."

Ọmọ ọdún méje ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lónìí, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì kúrò létí mi. ("Āyí" ni àǹtí. Èmi ni mo fi "ẹ" sí i o. "Nǐ" lásán, "ìwọ", ló pè mí. Mo ti gbójú fo ìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti dé Guangzhou ní China.)

Kíláàsì èdè Chinese láàárọ̀, òjò lọ́sàn-án, núdù lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnu ọ̀nà ìyá onílé ni mo jókòó sí, mò ń kọ 国, "orílẹ̀-èdè", kún inú àwọn àpótí kéékèèké orí ìwé tiánzìgé. Mo fa ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí po, mo dé e pa, mo wá ń ki 玉, "òkúta iyebíye", bọ inú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ ìyá onílé dúró lẹ́yìn mi, ó ń jẹ ọsàn, ló bá sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn nílé ìwé nìyẹn: èèyàn á kọ́kọ́ wọlé ná, ká tó ti ilẹ̀kùn. Ògiri òsì, òrùlé pẹ̀lú ògiri ọ̀tún láìgbé bírò, ẹrù inú ilé, lẹ́yìn náà ni ìsàlẹ̀. Ìlà mẹ́jọ. Mo mọ òfin yẹn! Mo lè kà á lójú oorun: òkè ṣáájú ìsàlẹ̀, òsì ṣáájú ọ̀tún, ìbú ṣáájú òòró. Ọwọ́ mi ni ò mọ̀ ọ́n.

Inú bí mi. Bí mo bá kọ ọ́ tán, ta ló máa mọ ìlà tó ṣáájú? Àwọn ará Japan ńkọ́? Nínú 田, "oko", ìlà òòró ni wọ́n ń kọ́kọ́ fà, àwọn ti ibí ń kọ́kọ́ fa ti ìbú. Oko ṣì ni oko. Àgbàlagbà ibí gan-an, fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn: wọ́n á tẹ ìró ọ̀rọ̀, fóònù á gbé hànzì, àmì ìkọ̀wé Chinese, wá. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú bírò, ọ̀rọ̀ á pòórá. Wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún un, tí bǐ wàng zì, "gbé bírò, gbàgbé ọ̀rọ̀".

Àmọ́ mo tún wo ìwé owó ilé tí ìyá onílé kọ fún mi. Wọ́n sáré kọ ọ́, àwọn ìlà so mọ́ra bí okùn ìdọ̀bọ, ọmọ yẹn sì kà á geerege. Ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà ni bírò ìyá gbà. Èmi, bí mo bá sáré kọ tèmi, àfi bí ìgbà tí adìyẹ tú ilẹ̀.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n á tún ọwọ́ mi ṣe. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, rúlà ni olùkọ́ fi lé bírò kúrò lọ́wọ́ òsì mi. Ọmọ yìí ò tiẹ̀ nà mí. Ó bu ọsàn fún mi.

Ti ilẹ̀kùn kí èèyàn tó wọlé... Bàámi kì í ti géètì láìpe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orúkọ ni wọ́n ń pè. Bí ẹnì kan ò bá dáhùn, kọ́kọ́rọ́ á ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Alẹ́ tí mò ń bọ̀ níbí... ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ mi tipẹ́ mọ ìyẹn.

Mo fi 国 sílẹ̀, mo bọ́ sórí 回, "padà". Ilé ńlá, ilé kékeré nínú rẹ̀, ìlà mẹ́fà péré. 回 kẹrin tí mo kọ ni mo tún ti pa lófìfo. Rọ́bà ti pa á rẹ́ títí ìwé fi lu. Ìdánwò ń bẹ lọ́la, mi ò sì tíì fojú kan 必, "gbọ́dọ̀", tí ìlà rẹ̀ ń ta káàkiri bí epo gbígbóná.

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá díẹ̀. Mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni nílé. Wọn ò tíì ti géètì.